Bí Steam ṣe ká peso àti lira kúrò lórí àtẹ: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2023

Ọjọ́ mẹ́ta ló tẹ̀léra. Ọjọ́ Àìkú 19 oṣù kọkànlá 2023, àwọn ará Argẹntínà dìbò, Javier Milei wọlé, ọ̀gbẹ́ni tó ti ń pariwo kiri pé òun máa pa báǹkì àpapọ̀ wọn rẹ́, pé dọ́là ni kí gbogbo ìlú máa ná. Ọjọ́ Ajé 20, ọkùnrin yẹn ò tíì gbàjọba rárá o, oṣù kejìlá ló tó búra, Steam, ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà, ti sọ iye ọjà fáwọn ará Argẹntínà àti Túrkì di dọ́là. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 21, ẹ̀dínwó ńlá tí Steam máa ń ṣe ní ìparí ọdún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní Milei ló fà á. Òun kọ́ jàre, ìparí oṣù kẹwàá ni Valve tó ni Steam ti kéde ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni tó mọ ẹni tó máa wọlé, ó kàn bọ́ síra wọn ni.

Mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mẹ́nu bà á, ẹjọ́ méjì péré ni mo máa ń gbọ́: Steam ò láàánú, tàbí àwọn tó ń fi VPN, ohun èlò tó ń mú kó dà bíi pé ìlú míì lèèyàn wà, ra ọjà olówó pọ́ọ́kú ló bà á jẹ́. Méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, àmọ́ wọn ò débẹ̀.

Ohun tó yí padà gan-an nìyí. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, tí ọmọ Buenos Aires ní Argẹntínà bá ṣí Steam lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, peso tó jẹ́ owó ìlú ẹ̀ ló máa rí níwájú géèmù, ọmọ Istanbul ní Túrkì á rí lira tiwọn. Láti ọjọ́ Ajé yẹn dọ́là Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì ń rí. Kì í wá ṣe pé wọ́n ní kí wọ́n máa san iye tí ará New York ń san o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣi ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Agbègbè tuntun méjì ni Valve dá sílẹ̀, ọ̀kan fún apá Latin Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá pẹ̀lú Túrkì àti àríwá Áfríkà, orílẹ̀-èdè 25 lápapọ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń tà níbẹ̀ àmọ́ ẹni tó ṣe géèmù lè kọ iye tó rẹlẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ síbẹ̀ tó bá wù ú. Tó bá wù ú. Ẹ rọra di gbólóhùn yẹn mú, a máa padà sí i. Owó tó ti wà nínú àpò Steam àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀, peso o, lira o, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí dọ́là ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ nígbà yẹn.

Kí n wá ṣàlàyé bí iye owó ṣe ń dé orí àtẹ yẹn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti hù. Steam kọ́ ló ń dá iye lé géèmù, ẹni tó ṣe é ni. Ó máa kọ iye tó fẹ́ ní dọ́là, Steam á wá gbé tábìlì kan síwájú ẹ̀ pé tó bá jẹ́ dọ́là báyìí, nǹkan báyìí ló yẹ ní real àwọn ará Brasil, nǹkan báyìí ní rupee Íńdíà, ní rand Gúúsù Áfríkà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, owó ìlú oríṣiríṣi. Tábìlì yẹn ò kàn ṣẹ́ dọ́là lásán, ó máa ń wo bí owó ṣe rí lọ́wọ́ àwọn ará ìlú náà, á sì bá wọn dín in kù. Ẹni tó ṣe géèmù lè gbà á bẹ́ẹ̀, ó lè pa á rẹ́ kó kọ tiẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní òṣìṣẹ́ tó ń jókòó ti nǹkan báyìí, àmọ́ àwọn èèyàn méjì mẹ́ta tó ń ṣe géèmù nínú yàrá, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì pé àwọn gbà, wọ́n á lọ sùn, wọn ò sì ní padà wò ó mọ́ fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, torí wọ́n ní géèmù míì tí wọ́n ń ṣe.

Tí owó ìlú yẹn bá dúró sójú kan, kò sí wàhálà. Ti Argẹntínà ò dúró. Ní ìparí 2019, peso bíi 60 ló ń gba dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Ní oṣù kọkànlá 2023 ó ti di bíi 350, iye ìjọba nìyẹn o, ní títì níbi tí wọ́n ti ń ra èyí tí wọ́n ń pè ní dólar blue, ó ti ń sún mọ́ 1,000. Ọ̀wọ́n gógó ọdún 2023 yẹn nìkan, bí INDEC, àjọ ìjọba wọn tó ń ṣe ìṣirò, ṣe kà á, pásẹ́ǹtì 211 àti díẹ̀ ni. Ti Túrkì ò tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ kò dáa náà: lira 7 àti díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ó fò kọjá 18 ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ó ti lé ní 28 nígbà tí Steam fi gbé àtẹ ẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣèṣirò. Ká sọ pé ẹnì kan ṣe géèmù dọ́là 20 ní ìparí 2019, ó fi 500 peso sí i fún Argẹntínà. Dọ́là 8 àti díẹ̀ nìyẹn nígbà yẹn, ó bójú mu, kò sẹ́ni tó rẹ́ jẹ. Kò padà wò ó. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 2023, 500 peso yẹn ò tó dọ́là kan àti ààbọ̀ mọ́, Steam á sì yọ pásẹ́ǹtì 30 tiẹ̀ nínú ẹ̀, ẹni tó fi ọdún méjì kọ géèmù á gba dọ́là kan. Kò sẹ́ni tó jí i. Kò sẹ́ni tó fún un ní ẹ̀dínwó. Iye tó kọ síbẹ̀ ṣì ni 500 gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, owó yẹn ló yọ́ bíi yìnyín lábẹ́ ẹ̀.

Ó dà bíi ìyá kan tó ń ta gàrí, tó fẹ́ rìnrìn àjò, tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ní kóńgò kan iye báyìí ni o, o ò gbọ́dọ̀ tà á ní iye míì. Ìyá lọ, kò padà fún ọdún mẹ́rin. Gàrí ti gbówó lórí ní gbogbo ọjà, ọmọ ṣì ń tà á ní iye tí màmá sọ, ọmọ tó gbọ́ràn ṣáà ni. Lákọ̀ọ́kọ́ àwọn aládùúgbò nìkan ló mọ̀. Kó tó pẹ́, bọ́ọ̀sì ti ń gbé èèyàn wá láti ìlú míì, wọ́n ti tò síwájú ìsọ̀ pẹ̀lú àpò.

Bọ́ọ̀sì yẹn ni VPN. Ẹni tó jókòó sí Jámánì tàbí Amẹ́ríkà á tan VPN, á sọ akáǹtì ẹ̀ di ti Argẹntínà, á ra géèmù dọ́là 20 ní dọ́là kan àti ààbọ̀. Steam mọ̀ tipẹ́. Ìwé àdéhùn tí gbogbo wa ń tẹ gbà láìkà ti sọ ọ́ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan bẹ́ẹ̀ bo ibi tó wà mọ́lẹ̀. Láti 2017 ni wọ́n ti ń dí ẹ̀bùn géèmù lọ́nà tí iye ìlú ẹni tó rà á àti ti ẹni tó fẹ́ gbà á bá jìnnà síra jù. Ní 2021 wọ́n tún fi kún un pé èèyàn ò lè yí ìlú akáǹtì padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ń béèrè káàdì tàbí ọ̀nà ìsanwó ìlú yẹn gan-an. Ìyẹn dín àwọn ọ̀lẹ kù, kò dín àwọn oníṣòwò kù, torí àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ta akáǹtì tó ti di ti Argẹntínà tàbí Túrkì tán, wọ́n ń ta káàdì ẹ̀bùn lira, gbogbo ẹ̀ di òwò.

Ibi tó wá ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ Argẹntínà fúnra ẹ̀ ò jẹ olówó pọ́ọ́kú yẹn tó bí àwọn ará òkèèrè ṣe rò. Tó bá fi káàdì báǹkì ẹ̀ ra nǹkan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, ìjọba wọn ń yọ owó orí lórí owó orí nígbà yẹn, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní impuesto PAIS, òmíràn wà lẹ́yìn ẹ̀, tó jẹ́ pé iye tó rí lójú Steam kọ́ ni báǹkì máa gé lọ́wọ́ ẹ̀. Ó pọ̀ débi pé àwọn ọmọ ìlú yẹn ṣe nǹkan kékeré kan tí èèyàn lè fi sórí bíráwúsà tó máa bá a ro owó orí mọ́ iye Steam kó má baà kan ìdààmú tí báǹkì bá gé owó tán. Ẹni tó wá láti òkèèrè, tó ra káàdì ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹlòmíì, kò mọ nǹkan kan nípa owó orí yẹn. Ìyẹn ni pé àlejò ń ra gàrí yẹn ní ẹ̀dínwó ju ọmọ ilé lọ. Ọmọ ilé ni wọ́n sì wá tilẹ̀kùn mọ́ nígbẹ̀yìn.

Wọn ò tilẹ̀kùn lójijì o, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá 2022, Valve ti tún tábìlì yẹn ṣe, wọ́n sì sọ pé àwọn á máa tún un wò déédéé láti ìgbà náà lọ, torí èyí tó wà níbẹ̀ ti gbó. Iye tí wọ́n dábàá fún Argẹntínà àti Túrkì fò sókè ní ohun tó lé ní pásẹ́ǹtì 450. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, òmíràn tiẹ̀ ti ń ta géèmù tuntun níbẹ̀ ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba kó tó dìgbà yẹn. Àwọn tó ti sùn ò jí. Àwọn tó sì jí, tí wọ́n yí i padà ní 2022, lọ́dún kan lẹ́yìn ẹ̀ peso ti tún jẹ́ kí tuntun yẹn gbó. Ohun tí Valve sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n ń kéde ní 2023, pé ìlọsókè-sódò owó àwọn ìlú méjèèjì yìí ò jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe géèmù mọ iye tí wọ́n máa kọ. Wọn ò dárúkọ VPN gẹ́gẹ́ bí ìdí. Èmi gbà wọ́n gbọ́ dé àyè kan, torí VPN ò lè ṣe nǹkan kan níbi tí iye bá bá ojú ọjà mu, gàrí tí iye ẹ̀ ti gbó ló ń pe bọ́ọ̀sì.

Wàyí o, "tó bá wù ú" tí mo ní kí ẹ dì mú lẹ́ẹ̀kan. Valve ní kí àwọn tó ṣe géèmù lọ kọ iye sí agbègbè tuntun méjèèjì kó tó di ọjọ́ 20, kò tó oṣù kan tí wọ́n fún wọn, ẹni tí ò bá kọ nǹkan kan, iye Amẹ́ríkà gangan ni wọ́n máa gbé síbẹ̀. Ẹ rántí pé àwọn tí ò kọ nǹkan kan yẹn ni àwọn tó sùn láti 2019, àwọn kan nínú wọn ò ṣe géèmù mọ́, wọ́n ti lọ wá iṣẹ́ báǹkì. Torí náà géèmù tó dínwó jù lánàá, tí ò sẹ́ni tó mójú tó o, òun gan-an ló fò jù lọ́jọ́ kejì. Géèmù àtijọ́ tó jẹ́ 500 peso lálẹ́ ọjọ́ Àìkú jí ní dọ́là 20 láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, iyẹn 7,000 peso ní iye ìjọba, a ò tíì ro owó orí mọ́ ọn. Èyí ni mo fi ń sọ pé Valve ṣe é láìbìkítà. Peso ò lè dúró lórí àtẹ yẹn mọ́, mo gbà, àmọ́ wọ́n ní tábìlì tiwọn, wọn ì bá fi iye tábìlì yẹn dípò iye Amẹ́ríkà fún gbogbo ẹni tó bá sùn, kò ní ná wọn ní nǹkan kan.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe wúwo, ẹ fi owó oṣù wọ̀n ọ́n. Owó oṣù tó kéré jù ní Argẹntínà lóṣù yẹn jẹ́ 146,000 peso. Géèmù dọ́là 60, láìtíì ro owó orí, 21,000 peso, ìdá kan nínú méje owó oṣù. Ní Túrkì, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ lira 11,402, géèmù kan náà lé ní lira 1,700.

Lọ́jọ́ kan náà ni àwọn kan ń jó o. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè 25 yẹn, Íjíbítì wà níbẹ̀, Mòrókò, Àlgéríà, Tùnísíà, Líbyà, Sudan, ní apá ọ̀hún Bolivia, Paraguay, Honduras. Gbogbo àwọn yìí ò ní owó ìlú tiwọn lórí Steam tẹ́lẹ̀, iye Amẹ́ríkà ni wọ́n ń san láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ Steam. Ọjọ́ Ajé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ní agbègbè tí iye lè rẹlẹ̀ fún wọn. Ìkéde kan náà, wákàtí kan náà, ọmọ Istanbul ń sunkún, ọmọ Cairo ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń kọ ìròyìn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ apá yẹn, igbe ló máa ń tà.

Ẹ ti rí i pé mi ò dárúkọ wa níbẹ̀. Nàìjíríà ò sí nínú 25 yẹn. Ní gbogbo Áfríkà, Gúúsù Áfríkà nìkan ló ní owó tiẹ̀ lórí Steam, àwọn ará àríwá gba agbègbè tuntun, àwa tó kù, iye New York. Lóṣù kọkànlá 2023 yẹn dọ́là kan ti lé ní 1,100 náírà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá títì, owó oṣù tó kéré jù lórí ìwé ṣì jẹ́ 30,000, géèmù dọ́là 60 ju owó oṣù méjì lọ. Ká tiẹ̀ ní owó wà, káàdì náírà tí wọ́n ti gé sí dọ́là 20 lóṣù ní 2022 kò ṣiṣẹ́ mọ́ lókè òkun nígbà yẹn ní ọ̀pọ̀ báǹkì. PlayStation tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn ò lè rí Nàìjíríà yàn níbẹ̀ tó bá ń ṣí akáǹtì, UK tàbí Amẹ́ríkà lọ̀pọ̀ wa ń fi ṣe ìlú.

Ìdí tí mo fi mọ ọ̀rọ̀ Túrkì dáadáa nìyẹn. Àbúrò mi kan ní Ìbàdàn ra akáǹtì Túrkì lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, àárín 2023 ni, ẹni yẹn ní akáǹtì ọ̀hún ti di ti Túrkì tán, pé òun á máa ta káàdì lira fún un. Mo kìlọ̀ fún un pé Steam lè tì í pa nígbàkigbà, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n jẹ̀gbádùn ná. Ó jẹ̀gbádùn lóòótọ́, fún oṣù mẹ́rin. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ń dúró de ẹ̀dínwó bí ẹni ń dúró de NEPA, òun ti ra géèmù mẹ́fà. Láàárọ̀ ọjọ́ 20 ó pè mí, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n, akáǹtì mi ń sọ dọ́là. Ẹni tó ń ta káàdì lira fún un ò gbé ìpè ẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí Steam ṣáà fi náírà sí i fún wa. Ó máa dùn mọ́ mi náà. Àmọ́ ẹ wò ó, tí wọ́n bá ti fi náírà sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nígbà tí dọ́là wà ní bíi 460 lọ́wọ́ ìjọba, kó tó di oṣù kejì 2024 tó fi kọjá 1,500, bọ́ọ̀sì tó máa gúnlẹ̀ síwájú ìsọ̀ wa máa ju ti Buenos Aires lọ, ọdún yẹn kan náà ni wọn ì bá sì ti fi orúkọ wa mọ́ ti Argẹntínà àti Túrkì nínú ìkéde. Àwọn tó ń fi náírà tà fún wa ń sáré tẹ̀lé e: Netflix fi kún iye ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 2024. Netflix lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí òun nìkan ló ń kọ iye, ibì kan ló ti ń yí i. Steam ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti sùn. Èyí tó bá wa mu ni èyí tí wọ́n ṣe fún Íjíbítì, dọ́là tó rẹlẹ̀, kò ní yọ́, kò ní pe bọ́ọ̀sì púpọ̀. Pakistan àti Bangladesh náà ní irú ẹ̀. Mi ò mọ ohun tí a ṣe tí a ò fi sí nínú ẹ̀.

Ní ti Argẹntínà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Steam gbé peso kúrò, ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá, ìjọba Milei já iye peso wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti bíi 366 sí 800 fún dọ́là kan. Tó bá jẹ́ pé peso ṣì wà lórí àtẹ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo géèmù ibẹ̀ ì bá di ìdajì iye wọn ní dọ́là kí ilẹ̀ tó mọ́. Torí ó ti di dọ́là, kò sí géèmù tó dínwó, ọmọ ìlú ló wá ń san ìlọ́po méjì peso fún nǹkan kan náà. Èmi ò mọ èyí tí wọn ì bá yàn tí wọ́n bá bi wọ́n. Impuesto PAIS yẹn ò kúrò títí di oṣù kejìlá 2024.

Akáǹtì Túrkì àbúrò mi ṣì wà, wọn ò tì í pa. Lira 100 ló ṣẹ́kù nínú àpò ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Ó di dọ́là mẹ́ta àti ààbọ̀, kò tiẹ̀ pé, ó sì ṣì wà níbẹ̀ báyìí, torí kò tó ra nǹkan kan, kò sì mọ ẹni tó máa bá a fi kún un.